Owó stimulus àti owó-orí ìdílé: ṣé yóò dín refund wa kù?

Adùnní_Houston · 5 oṣù Kejì, 2022

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àkókò tax ti dé, àríyànjiyàn sì ti bẹ̀rẹ̀ lórí WhatsApp ẹgbẹ́ àdúgbò. Àwọn kan ní $1,400 tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá nítorí COVID (owó stimulus), owó yíyá ni, pé IRS, àjọ owó-orí, yóò yọ ọ́ kúrò lára refund (owó-orí tó lé tí wọ́n ń dá padà) ọdún yìí. Àwọn mìíràn ní owó tó wọlé ni, pé a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ mọ́ owó oṣù. Àwọn kan tún wà tí ẹni tó ń bá wọn ṣe tax ti kọ gbogbo iye tí wọ́n gbà sí ìlà 30 lórí Form 1040, fọ́ọ̀mù owó-orí ọdọọdún. Èwo ni ká gbà gbọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iye owó gan-an ṣàlàyé. Ilé tọkọtaya tó ní ọmọ méjì ni kí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ.

Akọ̀wé_Owó · 5 oṣù Kejì, 2022

Ẹ kú ìbéèrè, Àǹtí Adùnní. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ọ̀kan tó tọ̀nà.

Owó stimulus kì í ṣe owó tó wọlé. Kò sí ìlà tí ẹ ó ti kọ ọ́ mọ́ owó oṣù, kò sì lè mú kí wọ́n bu owó-orí tó ga jù lé yín. Kì í ṣe owó yíyá náà. Credit owó-orí ni: wọ́n á kọ́kọ́ fi pa owó-orí tí ẹ jẹ rẹ́, tí ó bá ṣẹ́kù, wọ́n á kó ìyókù lé yín lọ́wọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìjọba kò ní kí ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá ṣe tax, wọ́n san án sílẹ̀. Recovery Rebate Credit ni orúkọ tí wọ́n kọ fún un sórí fọ́ọ̀mù. Ìlà 30 kàn ń béèrè pé: èló ni òfin ní ó tọ́ sí yín, èló ni ẹ ti gbà, èló ló kù? Èyí tó kù nìkan ni ẹ ó kọ. Ẹni tó ti gba tirẹ̀ pé, òdo ni tirẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n san án. Òfin CARES tí wọ́n fọwọ́ sí ní 27 oṣù Kẹta, 2020 fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ní $1,200, ó sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ní $500. Òfin 27 oṣù Kejìlá, 2020 fún àgbà àti ọmọ ní $600 $600. Tax 2020 ni àwọn méjèèjì yìí wà fún. Òfin 11 oṣù Kẹta, 2021 fún olúkúlùkù ní $1,400, títí kan gbogbo ẹni tó wà lórí tax yín tí ẹ ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó wà ní yunifásítì. Ìyẹn ni ti tax 2021.

Ilé ọmọ méjì tí owó wọn kò ga jù: $3,400, lẹ́yìn náà $2,400, lẹ́yìn náà $5,600.

ỌmọÌjẹ̀bú_ATL · 5 oṣù Kejì, 2022

Kí n fi ti àwọn tí owó wọn ga kún un, nítorí ibẹ̀ ni ìṣirò ti máa ń dàrú.

AGI ni wọ́n ń wò, ìyẹn àpapọ̀ owó tó wọlé lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ irú owó bí i èyí tí ẹ fi sí HSA (àkáǹtì owó ìtọ́jú ìlera) tàbí IRA (àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì). Ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gé owó náà ni $75,000 fún ẹni tó dá tax ṣe, $112,500 fún head of household (ẹni tí kò ní ọkọ tàbí aya tó ń gbọ́ bùkátà ilé), $150,000 fún tọkọtaya tó ṣe é pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń gé e ló yàtọ̀. Lẹ́ẹ̀kíní àti lẹ́ẹ̀kejì, $5 ni wọ́n ń yọ lórí $100 kọ̀ọ̀kan tó bá lé. Tọkọtaya tí AGI wọn jẹ́ $170,000 fi $20,000 lé, nítorí náà $1,000 lọ: $3,400 di $2,400, $2,400 sì di $1,400.

Ẹ̀ẹ̀kẹta yìí le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín $150,000 sí $160,000 ni gbogbo rẹ̀ ti tán fún tọkọtaya, iye ọmọ yòówù kí wọ́n ní. (Ẹni tó dá tax ṣe, $80,000, head of household, $120,000.) Ilé ẹni mẹ́rin tí AGI wọn jẹ́ $155,000, $2,800 péré ló tọ́ sí wọn. Tí ó bá wọ $160,000, òdo.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ wà láàárín ibẹ̀: gbogbo $1,000 tí ẹ bá rí yọ kúrò nínú AGI yóò dá $560 padà fún ilé ẹni mẹ́rin, yàtọ̀ sí owó-orí tí ẹ kò ní san lórí rẹ̀. Ilẹ̀kùn 401(k), owó ìfẹ̀yìntì ibi iṣẹ́, ti tì ní 31 oṣù Kejìlá, àmọ́ ẹ ṣì lè fi owó sí HSA ti 2021 títí di 18 oṣù Kẹrin, 2022, bí irú ìnṣọ́ránsì ìlera yín bá gbà á. $7,200 ni òpin fún ìdílé, ẹ sì gbọ́dọ̀ ka èyí tí ilé iṣẹ́ ti fi sí i tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn. Ilé tó wà ní $155,000 tó bá fi $5,000 sí i yóò bọ́ sí $150,000, $2,800 á di $5,600. Traditional IRA ní tirẹ̀ ní ìdíwọ́ kan: tí ẹ̀yin méjèèjì bá ní ètò ìfẹ̀yìntì níbi iṣẹ́, owó yín ti ga ju ibi tí wọ́n ti ń gbà kí ẹ yọ ọ́ lọ. Tí ọ̀kan nínú yín kò bá ní irú ètò bẹ́ẹ̀, onítọ̀hún lè fi tó $6,000 síbẹ̀ kí ẹ sì yọ ọ́.

Adùnní_Houston · 6 oṣù Kejì, 2022

Ẹ ṣeun gan-an. Tí wọ́n bá fi owó ọdún àtijọ́ ṣírò ohun tí wọ́n san, tí owó wá gbéra lẹ́yìn náà, ṣé wọn ò ní ní ká dá a padà?

Akọ̀wé_Owó · 6 oṣù Kejì, 2022

Wọn ò ní gbà á padà. Bí òfin ṣe tò ó nìyẹn. Wọ́n fi tax 2018 tàbí 2019 san ti àkọ́kọ́, 2019 ni wọ́n fi san ti kejì, wọ́n sì fi 2019 tàbí 2020 san ti kẹta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi owó ọdún credit náà gan-an ṣe àtúnṣírò. Bí ó bá tọ́ sí yín ju èyí tí ẹ gbà lọ, ìlà 30 á fún yín ní ìyókù. Bí ẹ bá ti gbà ju bó ṣe yẹ lọ, òdo lẹ ó kọ, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ mú tọkọtaya tó ní $170,000 ní 2019 tí owó wọn wálẹ̀ sí $140,000 ní 2020 nítorí pé ibi iṣẹ́ ọ̀kan tì. $2,400 ni wọ́n gbà lẹ́ẹ̀kíní, $3,400 ló tọ́. $1,000 wà nílẹ̀ fún wọn lórí tax 2020, $1,000 mìíràn sì tún wà lórí ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ yí i padà, kó jẹ́ $140,000 tó di $170,000: wọ́n ti gba owó wọn pé, kò sí ẹni tí yóò bi wọ́n léèrè.

Ọmọ tuntun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Ọmọ tí wọ́n bí ní 2020 kò sí lórí tax 2019, nítorí náà $500 àti $600 rẹ̀ ṣì wà lórí ìlà 30 ti 2020. Èyí tí wọ́n bí ní 2021, $1,400 ni, lórí ti 2021. Ẹni tó ti ṣe tax 2020 láìkọ ọ́ yóò fi Form 1040-X tún un ṣe.

Ṣadé_Tax_Maryland · 6 oṣù Kejì, 2022

Lórí ìlà 30, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú di í. Bí refund ṣe ń há nìyí: ẹnì kan rántí pé òun gba $2,800 pẹ̀lú ìyàwó òun, ó kọ $2,800 síbẹ̀, bí ẹni tó ń ròyìn ohun tó gbà. Ìtumọ̀ ohun tó kọ fún IRS ni pé “wọn kò tíì fún mi ní $2,800.” Wọ́n á dá fáìlì náà dúró, wọ́n á ṣàtúnṣe, wọ́n á fi lẹ́tà CP12 sọ pé refund ti yí padà, tàbí CP11 tí ó bá di pé ẹ jẹ wọ́n ní gbèsè. Ọ̀sẹ̀ pọ̀ tí ìyẹn lè gbà.

Lẹ́tà tí ẹ nílò ni Letter 6475, tó sọ iye tí wọ́n san fún yín lẹ́ẹ̀kẹta, èyí tí IRS ń fi ránṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Àṣìṣe wà níbí tó ń mú ọ̀pọ̀ tọkọtaya: lẹ́tà ti ọkọ wà lọ́tọ̀, ti ìyàwó wà lọ́tọ̀, ìdajì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé ẹni mẹ́rin tó gba $5,600 yóò rí $2,800 lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá lo lẹ́tà kan ṣoṣo, ẹ ó rò pé $2,800 ṣẹ́kù. Ẹ ro méjèèjì pọ̀. Bí lẹ́tà bá sọnù, ẹ wọ àkáǹtì yín lórí ojú-ewé IRS, ẹ lọ sí Tax Records, iye náà wà níbẹ̀. Ọkọ wọ tirẹ̀, ìyàwó wọ tirẹ̀.

Bí lẹ́tà àtúnṣe bá dé tí ẹ sì mọ̀ pé IRS ló ṣi í ṣírò, ọgọ́ta ọjọ́ lẹ ní láti ta kò ó. Ẹ má jẹ́ kó kọjá.

Káyọ̀dé_NJ · 7 oṣù Kejì, 2022

Ẹ bá wa dá sí ti àwọn tí ìyàwó tàbí ọkọ wọn ń lo ITIN, nọ́ńbà owó-orí tí IRS ń fún ẹni tí kò lè gba nọ́ńbà Social Security. Ní 2020, wọ́n ní kò sí nǹkan kan fún wọn.

Akọ̀wé_Owó · 7 oṣù Kejì, 2022

Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, òfin ti yí padà, ọ̀pọ̀ ilé ni kò sì gbọ́. Lábẹ́ CARES, tí tọkọtaya bá ṣe tax pọ̀ tí ọ̀kan kò ní nọ́ńbà Social Security, gbogbo ilé ló pàdánù, àfi tí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ sójà. Òfin oṣù Kejìlá 2020 tún un ṣe, ó sì mú un padà sẹ́yìn dé ti àkọ́kọ́. Ẹni tó ní nọ́ńbà lè gba $1,200 àti $600 tirẹ̀, pẹ̀lú ti àwọn ọmọ tó ní nọ́ńbà, lórí ìlà 30 ti tax 2020. Ẹni tó ní ITIN nìkan ni kò ní rí gbà.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún rọrùn sí i. Bí bàbá àti ìyá bá ń lo ITIN, tí ọmọ wọn ní nọ́ńbà Social Security, $1,400 ti ọmọ náà tọ́ sí wọn. Bí nọ́ńbà ẹnì kan bá sì jáde kí gbèdéke tax ọdún náà tó pé, tó jẹ́ nọ́ńbà tó fi lè ṣiṣẹ́, òun náà wọlé fún ọdún yẹn. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà tí wọ́n fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ kí ẹ tó sọ pé kò sí.

Tèmítọ́pẹ́_Chicago · 7 oṣù Kejì, 2022

Ṣé a lè ka ìyá tó wà ní Ìbàdàn, tí a ń fi owó ránṣẹ́ sí lóṣooṣù, mọ́ àwọn tí $1,400 tọ́ sí?

Ṣadé_Tax_Maryland · 7 oṣù Kejì, 2022

Rárá o. Ẹni tí ẹ lè kọ sórí tax bí ẹni tí ẹ ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tàbí ẹni tí òfin owó-orí kà sí olùgbé ibẹ̀, tàbí olùgbé Kánádà tàbí Mẹ́síkò. Màmá tó ń gbé Ìbàdàn kò bọ́ sí èyíkéyìí nínú wọn, bó ti wù kí owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ pọ̀ tó. Màmá tó wá fi físà àlejò bá yín tọ́jú ọmọ, tó sì pẹ́ lọ́dọ̀ yín, lè di olùgbé lójú òfin owó-orí, ṣùgbọ́n láìsí nọ́ńbà Social Security, $1,400 náà kò sí fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun á bá yín “fi orúkọ màmá sí i,” ẹ gbé ìwé yín kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń gbé ní Èkó yàtọ̀ sí èyí. Tí ó bá ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí kò sì sí lórí tax ẹlòmíràn, owó náà tọ́ sí i.

Bàbá_Táíwò_Dallas · 8 oṣù Kejì, 2022

Ẹ kú làálàá, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí àhesọ “wọ́n á gbà á padà” ti lágbára, torí pé àwọn tó ń sọ ọ́ kò purọ́ pátápátá. Ní 2008, nígbà ìjọba Bush, wọ́n fún àgbàlagbà ní tó $600, tọkọtaya $1,200, ọmọ $300. Credit ni, wọn ò gbà á padà. Ní 2009, Making Work Pay dé: $400 fún ẹnì kan, $800 fún tọkọtaya. Wọn ò fi sọ̀wédowó ránṣẹ́ ní tiyẹn. Owó-orí tí agbanisíṣẹ́ ń yọ lóṣooṣù ni wọ́n dín kù. Ẹni tó ní iṣẹ́ méjì, agbanisíṣẹ́ méjèèjì ló dín in kù fún un. Tọkọtaya tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́, bákan náà. Nígbà tí tax dé, ohun tí wọ́n ti yọ kò tó, refund wá kéré, àwọn mìíràn tiẹ̀ jẹ gbèsè. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rántí tí wọ́n fi ń bẹ̀rù ti ìsinsìnyí.

ỌmọÌjẹ̀bú_ATL · 8 oṣù Kejì, 2022

Ẹ ṣeun, bàbá. Lọ́dún yìí náà, nǹkan kan wà tí yóò dín refund kù lóòótọ́, àwọn èèyàn á sì di ẹ̀bi rẹ̀ lé stimulus lórí: owó ọmọ oṣooṣù tó wọlé láti oṣù Keje sí oṣù Kejìlá 2021. Child Tax Credit ni wọ́n san ìdajì rẹ̀ sílẹ̀. Ilé tó ní ọmọ ọdún 4 àti ọmọ ọdún 9, $3,600 àti $3,000 ló tọ́ sí wọn, àpapọ̀ $6,600. Wọ́n ti gba $300 àti $250 lóṣù mẹ́fà, ìyẹn $3,300. Nítorí náà $3,300 ló kù lórí tax. Lọ́dún tó ṣáájú, $4,000 ni wọ́n rí lórí tax lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí gbogbo nǹkan mìíràn bá dúró bákan náà, refund á fi $700 kéré sí ti èṣí, bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tó wọ ilé náà fi $2,600 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èyí, wọ́n lè gbà á padà. Bí wọ́n bá san án lórí ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ yín mọ́ ní 2021, ẹ lè jẹ wọ́n. Òfin forí ji tó $2,000 lórí ọmọ kan bí AGI kò bá ju $40,000 fún ẹni tó dá ṣe é, $50,000 fún head of household, $60,000 fún tọkọtaya. Tí ó bá lé díẹ̀, ìforíjì náà á máa dín kù. Letter 6419, tó sọ iye owó ọmọ tí wọ́n san sílẹ̀ fún yín, ni ẹ ó fi ṣe é, lórí Schedule 8812, fọ́ọ̀mù Child Tax Credit. Ẹ má ṣe kọ iye inú 6419 sórí ìṣirò ìlà 30, ẹ má sì kọ ti 6475 sórí Schedule 8812. Mo tẹnu mọ́ ọn torí pé lẹ́tà méjèèjì jọra, àkókò kan náà ni wọ́n sì ń dé.

Akọ̀wé_Owó · 8 oṣù Kejì, 2022

Ẹ fi owó àìríṣẹ́ṣe kún un. Owó-orí wà lórí ìyẹn. Ní 2020, òfin forí ji $10,200 àkọ́kọ́ fún ẹni tí AGI rẹ̀ kò tó $150,000. Kò sí irú ìforíjì bẹ́ẹ̀ fún 2021: gbogbo ohun tó wà lórí 1099-G, ìwé tó sọ iye owó àìríṣẹ́ṣe tí ẹ gbà, ni ẹ ó kọ.

Káyọ̀dé_NJ · 9 oṣù Kejì, 2022

Tí lẹ́tà bá ní wọ́n ti san owó, tí kò sì dé ọwọ́ ẹni ńkọ́?

Ṣadé_Tax_Maryland · 9 oṣù Kejì, 2022

Ẹ má kọ ọ́ sí ìlà 30 bí ẹni tí wọn kò san fún. Ìwé IRS á ta ko yín. Ẹ ní kí wọ́n tọpasẹ̀ owó náà: Form 3911, kí ẹ kọ “EIP3” (ìyẹn owó ẹ̀ẹ̀kẹta) sókè rẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i tó bá jẹ́ tọkọtaya. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì gba owó sọ̀wédowó náà, wọ́n á sọ fún yín pé ẹ lè béèrè rẹ̀ lórí tax. Bí ẹnì kan bá ti gbà á, wọ́n á fi ẹ̀dà rẹ̀ hàn yín kí ẹ lè wo ẹni tó fọwọ́ sí i lẹ́yìn. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wá inú àwọn ìwé tó wà nílé. Káàdì báǹkì ni wọ́n fi san ti àwọn kan, nínú àpòòwé funfun tí wọ́n kọ Money Network Cardholder Services sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn dà á nù pé ìpolówó ni.

Tèmítọ́pẹ́_Chicago · 9 oṣù Kejì, 2022

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní físà F-1 ńkọ́? Àwọn kan gbà á.

Akọ̀wé_Owó · 10 oṣù Kejì, 2022

Láàárín ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe olùgbé lójú òfin owó-orí. 1040-NR ni fọ́ọ̀mù wọn, owó náà kò sì tọ́ sí wọn. Àwọn tó gbà á, ó sábà jẹ́ pé ètò orí kọ̀ǹpútà tó mọ Form 1040 nìkan ni wọ́n lò. Kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n sì tún tax náà ṣe. Bí sọ̀wédowó bá ṣì wà lọ́wọ́, kí wọ́n kọ “Void” sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí i, kí wọ́n fi ìwé kékeré kan ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kí wọ́n má fi pín-ìn-nì gún un. Bí wọ́n bá ti ná an, kí wọ́n kọ sọ̀wédowó tiwọn sí “U.S. Treasury,” pẹ̀lú nọ́ńbà wọn àti èyí tó jẹ́ nínú owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó ń retí green card lọ́la kò gbọdọ̀ fi èyí sílẹ̀ láìtún un ṣe.

Adùnní_Houston · 4 oṣù Kẹta, 2023

Ẹ má bínú pé mo tún jí ọ̀rọ̀ yìí dìde. Àwọn ará wa ní Georgia gba $500 lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ṣé òfin kan náà ni?

ỌmọÌjẹ̀bú_ATL · 4 oṣù Kẹta, 2023

Òfin mìíràn ni, àǹtí. Owó-orí ìpínlẹ̀ tí ẹ ti san ni Georgia dá padà: $250 fún ẹni tó dá ṣe é, $375 fún head of household, $500 fún tọkọtaya, kò sì lè ju owó-orí tí ẹ san lọ. IRS sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní 10 oṣù Kejì yìí. Ẹni tó lo standard deduction (iye tí ìjọba ti là sílẹ̀ pé kí èèyàn yọ kúrò nínú owó tó wọlé) kò ní kọ ọ́ sórí tax ìjọba àpapọ̀ rárá. Ẹni tó lo Schedule A, tó to ìnáwó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti yọ wọ́n, ló ní láti ṣírò, torí pé ó ti yọ owó-orí yẹn kúrò nígbà kan. Síbẹ̀, òpin $10,000 tó wà lórí owó-orí ìpínlẹ̀ nígbà náà lè yọ yín: bí owó-orí ìpínlẹ̀ àti ti ilé yín bá jẹ́ $13,000, $10,000 péré lẹ rí yọ. Ẹ yọ $500 kúrò nínú $13,000, ó ku $12,500, ó ṣì ju $10,000 lọ. Ẹ kò jèrè kankan lórí $500 náà, nítorí náà kò sí owó-orí lórí rẹ̀. Ẹ tọ́jú ìṣirò yẹn sínú fáìlì.

Káyọ̀dé_NJ · 11 oṣù Kìíní, 2025

Mo gbọ́ pé IRS tún ń pín $1,400. Ṣé jìbìtì ni?

Ṣadé_Tax_Maryland · 11 oṣù Kìíní, 2025

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó tuntun. Ní oṣù Kejìlá, IRS kéde pé àwọn rí nǹkan bí mílíọ̀nù kan èèyàn tó ṣe tax 2021 tí wọ́n fi ìlà 30 sílẹ̀ lófìfo tàbí kí wọ́n kọ òdo síbẹ̀, nígbà tí owó ṣì tọ́ sí wọn. Àwọn wọ̀nyí kò ní ṣe ohunkóhun: owó á wọ báǹkì wọn tàbí kí sọ̀wédowó dé, lẹ́tà á sì tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni tó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ní kí ẹ tẹ líǹkì kan, olè ni.

Ẹni tí kò ṣe tax 2021 rárá ní títí di 15 oṣù Kẹrin, 2025. Ti 2020 ti tì láti 17 oṣù Karùn-ún, 2024. Ẹ kò lè fi tax 2021 ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, torí pé ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ìwé. Bí W-2, ìwé owó oṣù láti ibi iṣẹ́, bá sọnù, ẹ wá Wage and Income Transcript lórí àkáǹtì IRS yín. Kí ọkọ àti ìyàwó fọwọ́ sí i, torí pé wọ́n á dá èyí tí kò ní ìfọwọ́sí méjèèjì padà. Ẹ fi certified mail rán an, kí ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí ilé ìfìwéránṣẹ́: ọjọ́ tó wà lára òǹtẹ̀ tí ilé ìfìwéránṣẹ́ lù ú ni IRS ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wọn.